Oore Tí A Fi Ohun Gbogbo Ìlú Ṣe

Ìbéèrè kan wà tí ó máa ń dààmú ọkàn àwọn onígbàgbọ́ tí ń ṣe iṣẹ́ ìjọba, bí ọ̀pọ̀ wọn kò tilẹ̀ sọ ọ́ síta. Ìbéèrè náà nìyí: bí Ọlọ́run bá gbé mi dé ipò tí mo ti lè gba ènìyàn síṣẹ́, tàbí tí mo ti lè dá sí ọ̀rọ̀ ìgbéga àwọn òṣìṣẹ́, ǹjẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni bí mo bá kọ́kọ́ rántí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi?

Ìbéèrè ńlá ni èyí ní ilẹ̀ Ìbàràpá wa. Láti Ìgbó-Ọrà dé Èrúwà àti Lánlátẹ̀, láti Ìdèrè dé Ayétẹ̀, Tápà àti Ìgangán, kò sí agbo ilé tí ọ̀rọ̀ yìí kò kàn. Àgbẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn baba wa. Owó ẹ̀gúsí, àgbàdo àti gbágùúdá ni wọ́n fi rán ọmọ nílé ìwé. Nígbà tí ọmọ náà bá gba ìwé ẹ̀rí tán, tí ó sì jókòó sílé lọ́dún kìíní, lọ́dún kejì, lọ́dún kẹta, ojú a máa ti òun àti àwọn òbí rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnì kan nínú ẹbí bá di ọ̀gá ní ọ́fíìsì ìjọba, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ẹbí yóò kọjú sí. Bí ó bá ní òun kò lè ṣe nǹkan kan sí i, wọn yóò ní ó ti gbàgbé orísun rẹ̀.

A kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ẹ̀bẹ̀ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Tẹni ń tẹni, tàkísà ni tààtàn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Pọ́ọ̀lù Mímọ́ pẹ̀lú, nínú ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ sí Tìmótíù, bá ẹni tí kò tọ́jú àwọn ará ilé rẹ̀ wí gidigidi, ó sì kà á sí ẹni tí ó ti sẹ́ ìgbàgbọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní kí a má ṣe ran ẹbí ẹni lọ́wọ́ kò sọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n kí a tó dáhùn ìbéèrè wa, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ohun kan tí a sábà máa ń fò dá: ta ni ó ni iṣẹ́ náà?

Bí mo bá ní iṣu mẹ́wàá nínú aká mi, tí mo sì fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní mẹ́fà, oore ni mo ṣe, kò sì sí ẹni tí yóò bi mí léèrè. Ṣùgbọ́n bí ìlú bá kó iṣu jọ, tí wọ́n sì fi mí ṣe olùṣọ́ aká, mẹ́fà tí mo bá mú fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe oore mọ́. Iṣu náà kò yí padà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò yí padà. Ìfẹ́ tí mo ní sí i kò sì dín kù. Ẹni tí ó ni iṣu ni ó yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni iṣẹ́ ìjọba rí. Ọ̀gá tí ó jókòó sórí àga kò fi owó ara rẹ̀ san oṣù ẹnikẹ́ni. Gbogbo ìlú ni ó ni iṣẹ́ náà, olùṣọ́ aká lásán sì ni òun.

Tọ́másì Mímọ́ ti Àkúínò, olùkọ́ ńlá nínú Ìjọ, tí ó kú ní 1274, yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò fínnífínní. Ó ṣàlàyé pé bí a bá fi ènìyàn ṣe olùkọ́ nítorí pé ó ní ìmọ̀ tó, ìdí tí ó tọ́ ni a wò. Ṣùgbọ́n bí a bá fi í sípò nítorí pé ó lówó, tàbí nítorí pé ẹbí wa ni, ojúsàájú ni a ṣe. Ojúsàájú yìí kì í ṣe àṣìṣe lásán lójú Tọ́másì Mímọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ ni sí òdodo, èyíinì ni irú òdodo tí a gbọ́dọ̀ fi máa pín ohun àjọni fún ẹni tí ó tọ́ sí.

Ẹnì kan lè wí pé, “Bí ẹ̀ṣẹ̀ bá ni, ta ni mo ṣẹ̀? N kò jí owó, n kò gba rìbá, n kò pa ènìyàn.” Ìdáhùn náà kò jìnnà. Ènìyàn méjì ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀, kò sì rí ojú àwọn méjèèjì.

Ẹni kìíní ni ọmọ ẹlòmíràn tí ó yẹ fún iṣẹ́ náà. Ó kọ ìwé ìbéèrè fún iṣẹ́, ó wọ mọ́tò lọ sí ibi ìdánwò, ó dáhùn dáadáa, ó sì padà sílé láti máa retí lẹ́tà tí kò ní dé láéláé. Kò mọ̀ pé a ti pín ipò náà kí òun tó gbéra nílé. Baba tirẹ̀ náà ta ẹ̀gúsí.

Ẹni kejì ni ẹni tí iṣẹ́ náà wà fún. Gbogbo ayé ni ó mọ Ìgbó-Ọrà sí ìlú ìbejì. Láti 1963 pẹ̀lú ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn wá sí ìlú yìí, kí wọ́n lè kọ́ bí a ti ń tọ́jú ìlera àwọn ará ìgbèríko. Ẹ wá wo obìnrin kan tí ó gbé ìbejì sínú, tí ọmọ kan sì dábùú nínú rẹ̀, tí wọ́n gbé e wá sí ilé ìgbẹ̀bí ní òru láti oko. Ní òru náà, kò wúlò fún un láti mọ ọmọ ẹni tí agbẹ̀bí jẹ́. Ohun tí ó fẹ́ mọ̀ ni bóyá ọwọ́ agbẹ̀bí náà mọ iṣẹ́. Bí a bá ti fi ipò náà ṣe ẹnì kan lóore, obìnrin yìí àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò san owó oore náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti tíṣà tí kò mọ ìṣirò, àti ti akọ̀wé tí kò lè rí fáìlì arúgbó tí ń wá owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀.

Nítorí èyí ni àwọn ènìyàn ṣe fi òfin sí ọ̀rọ̀ ìgbanisíṣẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ yìí kì í ṣe ti ìran kan ṣoṣo. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ àti ẹbí àwọn ènìyàn ńlá ni wọ́n sábà máa ń kó sínú iṣẹ́ ìjọba, títí Stafford Northcote àti Charles Trevelyan fi dámọ̀ràn ní 1854 pé kí ìdánwò máa ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni tí ó yẹ, kí ìgbéga sì máa tẹ̀lé iṣẹ́ tí ènìyàn ṣe. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ilẹ̀ wa, ipò gíga nínú iṣẹ́ ìjọba fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti aláwọ̀ funfun nìkan. Àwọn baba wa pariwo pé èyí kì í ṣe òdodo. Ní 1948, ìgbìmọ̀ tí Hugh Foot ṣe alága rẹ̀ dámọ̀ràn pé kí wọ́n má ṣe gba àlejò sí irú ipò bẹ́ẹ̀ níbi tí ọmọ Nàìjíríà tí ó yẹ bá wà. Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ náà: ọmọ Nàìjíríà tí ó yẹ. Ohun tí àwọn baba wa bá òyìnbó jà sí ni pé kí a má ṣe fi àwọ̀ ara díwọ̀n ènìyàn. Bí àwa ọmọ wọn bá wá ń fi orúkọ ìdílé díwọ̀n ènìyàn, ojúsàájú kan náà ni. A kàn pààrọ̀ aṣọ rẹ̀ ni.

Lónìí, àwọn òfin náà wà ní kíkọ. Nínú iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, àwọn ipò ìsàlẹ̀ wà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ fúnra rẹ̀, ti ìpele 7 sókè sì wà lọ́wọ́ Àjọ tí ìpínlẹ̀ gbé kalẹ̀ fún ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Nínú òfin àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ọdún 2 ni ẹni tí ó wà ní ìpele 6 sísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ lò kí ó tó yẹ fún ìgbéga; ọdún 3 ni fún ìpele 7 dé 14, ọdún 4 sì ni fún ìpele 15 sókè. Àwọn kan ń wo irú òfin báyìí bí wàhálà ìwé lásán. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe: wọ́n ń gba ìpinnu kúrò lọ́wọ́ ìfẹ́ inú ẹnì kan, kí ọmọ ẹni tí kò ní ènìyàn lókè lè dúró lórí ilẹ̀ kan náà pẹ̀lú ọmọ ọ̀gá.

Ìjọ Mímọ́ pàápàá ti bá irú ọ̀rọ̀ yìí pàdé láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí kẹfà, àwọn Júù tí ń sọ èdè Gíríìkì kùn pé wọ́n ń gbàgbé àwọn opó tiwọn nígbà tí a bá ń pín oúnjẹ ojoojúmọ́. Àwọn Àpọ́sítélì kò pe àwọn aláròyé náà ní ọlọ̀tẹ̀. Wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà. Wọ́n pe gbogbo ìjọ jọ, wọ́n sì sọ irú ẹni tí iṣẹ́ náà yẹ: ẹni tí ó ní orúkọ rere, tí ó sì kún fún Ẹ̀mí Mímọ́ àti ọgbọ́n. Ìjọ yan ènìyàn méje, àwọn Àpọ́sítélì sì gbé ọwọ́ lé wọn lórí. Ẹni tí ó bá ka orúkọ àwọn méje náà, láti orí Sítéfánù Mímọ́, yóò rí i pé orúkọ Gíríìkì ni gbogbo wọn. Ó jọ pé àárín àwọn tí a gbàgbé gan-an ni ìjọ ti wá àwọn tí ó yẹ.

Ẹ̀kọ́ pàtàkì ni èyí fún àwa ará Ìbàràpá. A máa ń ráhùn, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìdí, pé wọ́n máa ń gbàgbé wa bí wọ́n bá ń pín ipò ní Ìbàdàn. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní abala kẹrìnlá, pàṣẹ pé kí ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ ka onírúurú ènìyàn tí ó wà lábẹ́ wọn kún nínú ètò wọn. Nítorí náà, kò sí ohun tí ó burú nínú kí Ìbàràpá béèrè ìpín tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ìpín náà bá dé ni a ó mọ ọkàn wa. Ẹni tí ó pariwo ní Ìbàdàn pé wọ́n fi Ìbàràpá sẹ́yìn, tí ó sì padà dé ilé tí ó kó gbogbo ipò fún agbo ilé tirẹ̀, kò fẹ́ òdodo rí. Ọwọ́ tirẹ̀ ni ó fẹ́ kí ọ̀bẹ wà.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo ọ̀rọ̀ gbígbọ́ ẹjọ́, nítorí pé níbi tí ènìyàn bá ti ń yan ènìyàn, àṣìṣe kò lè ṣe kó má wà. Àwọn baba wa wí pé agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Òfin iṣẹ́ ìjọba náà gbà bẹ́ẹ̀. Kí a tó yọ òṣìṣẹ́ nítorí ìwà àìtọ́, a gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀sùn náà sínú ìwé wá-wí-tẹnu-rẹ, kí a sì fún un ní àkókò láti dáhùn. Bí ìdájọ́ kò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lè kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ga ju ẹni tí ó dá a lọ.

Orílẹ̀-èdè wa ti rí ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí a bá fo ìlànà yìí. Ní 1975, lẹ́yìn tí Ọ̀gágun Murtala Muhammed gorí àléfà, ìjọba ológun yọ òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ju 10,000 lọ láàrin oṣù díẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fọ iṣẹ́ ìjọba mọ́, ìdọ̀tí sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nítorí pé a kò gbọ́ tẹnu ọ̀pọ̀ nínú wọn, aláìṣẹ̀ bá ẹlẹ́ṣẹ̀ lọ. Àwọn tí ó kù sì kọ́ ẹ̀kọ́ búburú níbẹ̀, pé ẹni tí ó ṣiṣẹ́ dáadáa àti ẹni tí kò ṣiṣẹ́, kò sí èyí tí ìpò rẹ̀ dá lójú. Irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀ a máa mú ẹni tí kò ti í jalè bẹ̀rẹ̀ sí kó ti ọjọ́ iwájú pamọ́. Ní 1981, nínú ẹjọ́ Shitta-Bey àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀, Kóòtù tí ó ga jù lọ ní ilẹ̀ wa là á mọ́lẹ̀ pé òfin tí a ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní agbára, ó de ìjọba pàápàá, a kò sì lè lé òṣìṣẹ́ bí ẹni lé ọmọ ọ̀dọ̀.

Nínú Bíbélì àwa Kátólíìkì, ìtàn Sùsánà wà ní orí kẹtàlá ìwé Dáníẹ́lì. Àgbà méjì, tí wọ́n jẹ́ onídàájọ́, purọ́ mọ́ ọn, àwùjọ gbà wọ́n gbọ́ nítorí ipò wọn, wọ́n sì ti dá a lẹ́bi ikú. Dáníẹ́lì, ọmọdé láàrin wọn, ni ó ní kí wọ́n padà lọ gbọ́ ẹjọ́ náà ní àgbọ́túngbọ́. Ó bi àwọn àgbà náà léèrè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀rọ̀ wọn kò sì bá ara mu. Ẹ̀yin tí ìwé ẹ̀bẹ̀ òṣìṣẹ́ wà lórí tábìlì yín, ẹ rántí Sùsánà. Ìwé tí ẹ ti sínú àpótí láìkà á lè jẹ́ igbe aláìṣẹ̀ tí kò ní Dáníẹ́lì mìíràn lẹ́yìn yín.

Ẹni tí wọ́n fò dá náà ní ojúṣe tirẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ní òtítọ́ bóyá ẹni tí wọ́n mú sàn jù òun lọ. Nítorí a kì í fi ìlara pe ara ẹni ní ẹni tí a rẹ́ jẹ. Bí ó bá rí i pé a rẹ́ òun jẹ lóòótọ́, kí ó kọ̀wé, kí ó fọwọ́ sí i, kí ó sì sọ kìkì ohun tí ó lè fi ẹ̀rí gbè lẹ́yìn. Ìwé aláìlórúkọ tí a fi ń ba ọmọnìkejì jẹ́, àti lílọ sí ọ̀dọ̀ olóògùn láti mú orí ọ̀gá dàrú, kì í ṣe ọ̀nà ọmọ Ọlọ́run. Ẹni tí ó fi ẹ̀ṣẹ̀ wá ẹ̀tọ́ rẹ̀ ti sọ ẹ̀tọ́ náà di ẹ̀bi.

Ó ku ohun kan tí ó nira. Ìjọ Mímọ́ kọ́ wa pé ẹni tí ó gba ohun olóhun gbọ́dọ̀ dá a padà bí agbára rẹ̀ bá ká a. Kò tó kí ó jẹ́wọ́ ní ẹsẹ̀ àlùfáà nìkan. Báwo ni ẹni tí ó ti fi ipò ìlú ta ẹbí lọ́rẹ yóò ṣe dá a padà? Kò lè dá ọdún tí ọmọ ẹlòmíràn fi jókòó sílé padà fún un. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣì wà lórí àga, kí ó jẹ́ kí ipò tí yóò ṣí lẹ́yìn èyí lọ sí ọwọ́ ẹni tí ó yẹ. Kí ó gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ tí ó ti dì mọ́lẹ̀ jáde. Kí ó rán ẹni tí ó fi sípò láìyẹ lọ kọ́ iṣẹ́ rẹ̀, kí aboyún tí ń bọ̀ ní òru má bàa fi ẹ̀mí rẹ̀ san gbèsè tí kì í ṣe tirẹ̀.

Nísinsìnyí a lè dáhùn ìbéèrè wa. Rántí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ, ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú aká tìrẹ ni kí o ti rántí rẹ̀. San owó ilé ìwé rẹ̀. Sọ fún un nígbà tí iṣẹ́ bá ṣí sílẹ̀, kí o sì sọ fún ọmọ aládùúgbò rẹ pẹ̀lú. Kọ́ ọ bí wọ́n ti ń kọ ìwé ìbéèrè fún iṣẹ́. Yá a lówó láti bẹ̀rẹ̀ òwò tàbí láti dá oko. Bí òun gan-an bá sì ni ẹni tí ó yẹ jù fún ipò náà, dìde kúrò nínú yàrá, kí àwọn ẹlòmíràn ṣe ìdájọ́. Bí ó bá wọlé, yóò lè gbé orí sókè. Ìríjú aláìṣòótọ́ inú Ìhìnrere Lúùkù Mímọ́ fi ohun ọ̀gá rẹ̀ wá ọ̀rẹ́ fún ara rẹ̀. Olúwa wa yin ọgbọ́n rẹ̀, ṣùgbọ́n kò yọ orúkọ aláìṣòótọ́ kúrò lára rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá bi àwa náà ní ìròyìn iṣẹ́ ìríjú wa, wọn kò ní ka oore tí a fi ohun gbogbo ìlú ṣe mọ́ wa lọ́wọ́.

Kí Ọlọ́run, ẹni tí kì í ṣe ojúsàájú, fún àwọn tí ń yan ènìyàn ní ojú tí ó mọ́, kí ó fún àwọn tí ń gbọ́ ẹjọ́ ní etí méjèèjì, kí ó sì tu gbogbo ẹni tí a gbàgbé nínú, nípasẹ̀ Krístì Olúwa wa. Àmín.